Ìpèsè Ohun Èlò fún Yíyọ Àbàwọ́n Kúrò Lára Aṣọ Nínú Ilé Yorùbá

1.0 ÌFÁÁRÀ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aṣọ là á kí kí a tó kí ènìyàn. Òwe yìí ń tọ́ka sí ipò gíga tí aṣọ wà ní àwùjọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó tún di ẹrù kan lé aláṣọ lórí. Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ ni ojú ayé ń kọ́kọ́ rí lára ènìyàn, a jẹ́ pé àbàwọ́n tí ó wà lára aṣọ náà ni ojú ayé yóò kọ́kọ́ rí pẹ̀lú. Síbẹ̀, ilé tí ó ti pèsè sílẹ̀ de àbàwọ́n kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní oríṣiríṣi ìkòkò ọbẹ̀, tí ó sì ní oògùn orí fífọ́ nípamọ́, ṣùgbọ́n tí kò ní ohun kan pàtó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ de ọjọ́ tí epo yóò ta sí agbádá baálé, tàbí tí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò kán sí ìró ìyá ilé.

Nígbà tí ọjọ́ náà bá dé, ohun tí ó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń lò. Ẹnì kan yóò da omi gbígbóná sí i, ẹlòmíràn yóò fi ọṣẹ ha á, ẹlòmíràn yóò sì sáré gbé ìgò jíìkì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n fi ìkánjú ṣe yìí ni ó ń ba aṣọ jẹ́, kì í ṣe àbàwọ́n fúnra rẹ̀. Aṣọ tí ó sì ń bà jẹ́ báyìí kì í ṣe ọjà tí owó lè tún rà ní gbogbo ìgbà. Ẹtù tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ìyá àgbà fi ìyẹ́ adìyẹ kọ, sányán ọjọ́ ìgbéyàwó: bí wọ́n bá lọ, wọ́n lọ nìyẹn.

Ète bébà yìí ni láti ṣe àlàyé ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú ilé fún yíyọ àbàwọ́n, kí ó sì fi ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ń ṣiṣẹ́ hàn. Èrò tí ó wà ní ìpìlẹ̀ àlàyé náà ni pé kì í ṣe ọ̀pọ̀ ìgò ni ó ń pèsè ilé. Ohun mẹ́ta ni onílé ní láti mọ̀ kí ó tó lọ sí ọjà: ohun tí wọ́n fi ṣe àbàwọ́n, ohun tí wọ́n fi hun aṣọ, àti ohun tí ó wà nínú ìgò. Ẹni tí ó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè fi èlò díẹ̀ tí kò gbówó lórí ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n lè fi èlò olówó iyebíye da aṣọ, àní kí ó da ẹ̀mí, nù.

2.0 ÀPẸẸRẸ LÁTI INÚ ÌTÀN ÒRÌṢÀ

Ìtàn kan wà nípa Ọbàtálá tí ó yẹ ní mímẹ́nu bà níhìn-ín. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní Bàhíà ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ti ń fi ọdún omi Òrìṣà Ńlá ṣe ìrántí rẹ̀. Pierre Fátúmbí Verger wà lára àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Òrìṣà fẹ́ rin ìrìn-àjò lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá kìlọ̀ fún un pé ìrìn náà kò ní rọrùn, pé kí ó mú aṣọ funfun mẹ́ta lọ́wọ́, kí ó sì mú ọṣẹ àti òrí pẹ̀lú. Lójú ọ̀nà, Èṣù pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìgbà kìíní, epo pupa ni ó dà sí i lára. Ní ìgbà kejì, èédú ni. Ní ìgbà kẹta, àdín ni. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Òrìṣà lọ sí odò, tí ó wẹ̀, tí ó pààrọ̀ aṣọ, tí ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ láìjà.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ìtàn yìí kọ́ ẹni tí ó bá ń ronú lórí ìtọ́jú aṣọ. Èkíní ni pé èlò ti wà lọ́wọ́ kí àbàwọ́n tó dé. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èkejì ni pé àbàwọ́n mẹ́ta tí Èṣù yàn kì í ṣe irú kan náà. Epo pupa jẹ́ ọ̀rá tí ó ní àwọ̀. Èédú kì í ṣe ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ ni kò yòrò sínú omi. Ẹ̀rún wẹ́wẹ́ tí ó há sáàrin fọ́nrán òwú ni. Àdín jẹ́ ọ̀rá tí àwọ̀ rẹ̀ kò tó ti epo pupa, tí ojú lè fò dá lónìí, ṣùgbọ́n tí yóò di pípọ́n lára aṣọ funfun bí ó bá pẹ́. Ọwọ́ tí ènìyàn fi ń mú ọ̀kan kọ́ ni ó fi ń mú èkejì. Ìpín sí ọ̀wọ́ tí ó tẹ̀ lé e yìí kò ṣe ju pé kí ó fẹ ohun tí ó ti wà nínú ìtàn náà lójú.

3.0 OHUN TÍ ÀBÀWỌ́N JẸ́

Ìdọ̀tí yàtọ̀ sí àbàwọ́n. Ìdọ̀tí ni ohun tí ó bà sórí aṣọ tí fífọ̀ lásán lè mú kúrò. Àbàwọ́n ni ohun tí ó ti wọ inú fọ́nrán, tàbí tí ó ti dì mọ́ ọn, tí omi àti ọṣẹ ojoojúmọ́ kò ká mọ́. Ìdọ̀tí ọjọ́ kan lè di àbàwọ́n ọdún mẹ́wàá bí wọ́n bá fi iná áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Ọ̀wọ́ márùn-ún ni àbàwọ́n tí ó wọ́pọ̀ ní ilé Yorùbá pín sí.

3.1 Àbàwọ́n ọlọ́ràá

Nínú ọ̀wọ́ yìí ni epo pupa, òróró, àdín, ìpara, ọbẹ̀ àti gírísì wà. Omi nìkan kò lè mú ọ̀rá, nítorí pé àwọn méjèèjì kì í dàpọ̀. Ọṣẹ ni ó ń ṣe alárinà: apá kan ara rẹ̀ ń di ọ̀rá mú, apá kejì ń di omi mú, omi a sì wọ́ méjèèjì lọ. Ṣùgbọ́n epo pupa ní ọ̀ràn kejì. Lẹ́yìn tí ọṣẹ bá ti kó ọ̀rá lọ, àwọ̀ pupa rẹ̀ sábà máa ń ṣẹ́ kù. Àwọ̀ yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carotene, ni ó tún wà nínú kárọ́ọ̀tì, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń fọ́ ọ túútúú. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá àgbà fi máa ń sọ pé kí wọ́n fi ọṣẹ fọ aṣọ tí epo ta sí, kí wọ́n sì sá a sí gbangba oòrùn ní tútù. Ìmọ̀ tí ó péye ni, kì í ṣe àbá lásán.

3.2 Àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀, wàrà, ẹyin àti òógùn

Ohun tí ó so ìwọ̀nyí pọ̀ ni purotéènì. Ẹ̀kọ́ nípa wọn kò jìnnà sí ilé ìdáná: ẹyin tútù ń ṣàn, ṣùgbọ́n bí iná bá ti kàn án, ó dì, kò sì tún lè ṣàn mọ́ láéláé. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì mọ́ òwú bí omi gbígbóná bá kàn án. Omi tútù ni àkọ́kọ́ fún ọ̀wọ́ yìí, kí ó tó kan ọṣẹ. Nínú gbogbo àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú fífọ aṣọ ọmọ ìkókó àti aṣọ ìbímọ, omi gbígbóná lórí ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fi àmì tí ó pẹ́ jù sílẹ̀.

3.3 Àbàwọ́n oje igi àti ti èso

Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi kajú, obì, tíì àti kọfí ni ó wà nínú ọ̀wọ́ yìí. Tánníìnì, èyí tí ó ń mú kí obì korò tí ó sì ń fún ẹnu pọ̀, ni ó wà nínú wọn. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ní àwọ̀ púpọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́; atẹ́gùn ni ó ń sọ ọ́ di dúdú díẹ̀díẹ̀, bí ó ti ń sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bó di dúdú. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ níhìn-ín ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọṣẹ ha á tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi kán-ún. Ọṣẹ búlọ́ọ̀kù, omi eérú àti kán-ún ń mú kí àwọ̀ tánníìnì ṣú sí i ni. Ohun kíkan, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan, ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí ọṣẹ tó tẹ̀ lé e.

3.4 Àbàwọ́n irin àti ti ilẹ̀ pupa

Irin tí ó dógùn-ún máa ń fi àmì pupa rẹ́súrẹ́sú sí aṣọ. Ó lè wá láti ara garawa tí enámẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti bó, láti ara wáyà tí wọ́n ń sá aṣọ lé, tàbí láti inú omi kànga tí ó ní irin púpọ̀. Ilẹ̀ pupa náà, irin ni ó fún un ní àwọ̀ rẹ̀. Jíìkì kì í yọ àbàwọ́n irin. Ó tilẹ̀ lè mú kí ó le sí i. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n po iyọ̀ mọ́, tí wọ́n fi sí ojú ibẹ̀, tí wọ́n sì gbé sí oòrùn, ni ó ń tú irin náà tí omi fi ń gbé e lọ. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàn án dáadáa kí kíkan rẹ̀ má baà jẹ òwú.

3.5 Àbàwọ́n ẹlẹ́rùn-ún àti àwọn mìíràn

Ẹrẹ̀, èédú àti ẹ̀ẹ́fín kò fẹ́ ìkánjú. Ẹrẹ̀ tútù tí wọ́n bá fi ọwọ́ ra á wọ inú aṣọ ni. Kí wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó fi omi kàn án. Àbẹ́là tí ó kán sí aṣọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ń fẹ́ ọ̀bẹ tí kò mú láti fi há a, kí wọ́n tó fi bébà tí kò ní àkọlé tẹ́ ẹ lókè nísàlẹ̀, kí wọ́n sì fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù fa ìyókù rẹ̀ sínú bébà náà. Bírò ń fẹ́ sípírítì. Aṣọ tí ó bu nítorí pé wọ́n ká a nípamọ́ ní tútù ń fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ní ìta gbangba, oòrùn, àti fífọ̀ tí ó jinlẹ̀.

4.0 OHUN TÍ WỌ́N FI HUN AṢỌ

Èlò kan náà tí ó tún aṣọ kan ṣe lè pa òmíràn run. Òwú lágbára, ó gba ọṣẹ, ó gba omi gbígbóná, bí ó bá sì jẹ́ funfun, ó gba jíìkì tí wọ́n fi omi là. Sányán gidi kò rí bẹ́ẹ̀. Láti inú ilé tí kòkòrò Anaphe ń ta ni wọ́n ti ń rí fọ́nrán rẹ̀, sílíkì inú igbó ni. Purotéènì ni sílíkì, gẹ́gẹ́ bí irun àgùntàn ti jẹ́ purotéènì. Jíìkì ń jẹ purotéènì. Bí wọ́n bá fi sányán sínú rẹ̀, fọ́nrán náà yóò pọ́n, yóò gán, lẹ́yìn náà ni yóò sì yòrò. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú òde òní tí wọ́n fi èròjà ajẹ-purotéènì sí náà lè ṣe é ní ibi.

Ní ti aró, ẹtù tí Yorùbá ń pè ní baba aṣọ àti àdìrẹ Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Ọ̀ṣogbo, láti inú èlú ni àwọ̀ wọn ti wá ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Aró èlú kì í yòrò sínú omi bí ó bá ti gbẹ tán, ìdí nìyí tí ó fi ń tọ́ lára aṣọ. Ṣùgbọ́n jíìkì ń fọ́ èlú gan-an fúnra rẹ̀. Ẹ̀kán kan ṣoṣo lórí ẹtù yóò fi ojú funfun sílẹ̀ tí aláró nìkan ni ó lè tún un ṣe, tí kò sì ní bá ti àtẹ̀yìnwá mu pátápátá. Kò sí ohun tí ń jẹ́ yíyọ àbàwọ́n kúrò lára ẹtù pẹ̀lú jíìkì. Aró ni jíìkì ń yọ.

Ìṣòro mìíràn ni pé orúkọ aṣọ kò fi gbogbo ìgbà sọ ohun tí wọ́n fi hun ún mọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní sányán ní ọjà lónìí, òwú tàbí fọ́nrán àtọwọ́dá tí wọ́n pa láró ni. Àyẹ̀wò tí ó rọrùn wà fún èyí. Kí wọ́n fa fọ́nrán òwú kan ṣoṣo yọ láti etí aṣọ, ní inú, kí wọ́n mú un jìnnà sí aṣọ, kí wọ́n sì ṣá iná sí i. Òwú yóò jó bí bébà, yóò rùn bí bébà, eérú rẹ̀ yóò sì fúyẹ́. Sílíkì àti irun àgùntàn yóò rùn bí irun tí iná ń jó. Nílọ́ọ̀nù àti pọlísítà yóò yọ́, wọn yóò sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tí ó le. Nítorí náà, ìṣáná wà lára ohun èlò yíyọ àbàwọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ń kà á mọ́ wọn.

5.0 OHUN ÈLÒ TÍ Ó YẸ KÍ Ó WÀ NÍNÚ ILÉ

5.1 Irinṣẹ́

Irinṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì kò ju wọ̀nyí lọ:

(i) Báàfù ike méjì, ọ̀kan fún rírẹ, èkejì fún ṣíṣàn. Ike sàn ju irin lọ nítorí pé kì í dógùn-ún.
(ii) Ìkòkò tàbí dúrọ́ọ̀mù omi òjò. Omi òjò kò ní èròjà tí ó máa ń bá ọṣẹ jà nínú omi kànga kan, nítorí náà ọṣẹ a máa hó nínú rẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí òjò fọ páànù ná kí wọ́n tó gbé ìkòkò sí abẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀.
(iii) Aṣọ òwú funfun tí ó ti gbó, tí wọ́n fọ̀ mọ́, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Aṣọ aláwọ̀ kò dára, nítorí pé àwọ̀ tirẹ̀ lè ràn.
(iv) Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kan, ṣíbí kan, àti ọ̀bẹ tí kò mú.
(v) Okùn ìsáṣọ tí kì í ṣe wáyà, ní ibi tí oòrùn dé, àti òmíràn ní abẹ́ òjìji fún aṣọ aláró.

5.2 Èlò àtọwọ́dọ́wọ́

Ọṣẹ dúdú ni ó ṣáájú. Eérú èèpo kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe omi tí wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ epo tàbí àdín. Nípa báyìí, ọ̀rá kan ni ó di ohun tí ń lé ọ̀rá mìíràn lọ. Ìyì ọṣẹ yìí dé òkè òkun. Ní Bàhíà, orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ń fi hàn pé láti etíkun Áfíríkà ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ tẹ̀ lé e, fún irin àti fún oje. Òrí tàbí òróró díẹ̀ wúlò fún ọ̀dà àti gírísì tí ó ti gbẹ: wọ́n ń fi í pa ojú ibẹ̀ kí ó lè rọ̀, kí wọ́n tó fi ọṣẹ kó méjèèjì lọ. Bóyá ọ̀nà yìí wà lára ìdí tí Ifá fi ní kí Òrìṣà mú òrí mọ́ ọṣẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òrí ní ìtumọ̀ tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn.

Oòrùn kò ṣeé fi pamọ́ sínú àpótí, ṣùgbọ́n èlò ni. Ó ń fọ́ àwọ̀ epo àti ti tòmátì, ó sì ń pa ohun tí ń mú kí aṣọ bu. Èlò tí kì í tán ni, ṣùgbọ́n ọ̀tá ni fún aṣọ aláró bí ó bá pẹ́ jù lórí rẹ̀.

5.3 Èlò inú ọjà

Èlò inú ọjà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1774 ni Scheele, onímọ̀ ní ilẹ̀ Sweden, rí kilorínì. Ní 1799 ni Charles Tennant ní Glasgow gba ẹ̀tọ́ lórí lẹ́búlẹ́bú tí ń mú aṣọ funfun, èyí tí ó fi òpin sí fífi aṣọ sí pápá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní 1821 ni Thomas L. Jennings, ọmọ adúláwọ̀ tí ó ń gbé ní New York, gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀nà fífọ aṣọ ní gbígbẹ. Òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ní 1913 ni Otto Röhm ní Jámánì fi èròjà ajẹ-purotéènì sí èlò ìfọṣọ. Ní 1923 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Lever Brothers sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ọṣẹ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣe nílé fi bẹ̀rẹ̀ sí í kún ọjà.

Nínú ohun tí ó wà ní ọjà lónìí, mẹ́rin tó ilé kan. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ni èkíní, fún ọ̀rá. Èyí tí ó ní èròjà ajẹ-purotéènì dára fún ẹ̀jẹ̀ àti ọbẹ̀ lórí òwú, nínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí omi híhó ń pa agbára èròjà náà. Sípírítì ni èkejì, fún bírò. Hydrogen peroxide, tí Thénard kọ́kọ́ ṣe ní 1818, ni ẹ̀kẹta. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3 nínú ọgọ́rùn-ún, rọra ń mú àwọ̀ kúrò lára aṣọ funfun, ó sì ń hó bí ó bá kan ẹ̀jẹ̀. Jíìkì ni ẹ̀kẹrin, fún òwú funfun nìkan, nínú omi púpọ̀, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n sì ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Búlúù kò sí nínú wọn. Búlúù kì í yọ ohunkóhun. Àwọ̀ aró rẹ̀ ń bo pípọ́n mọ́lẹ̀ lójú ni. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ yìí.

6.0 ÌLÀNÀ ÌLÒ

Ìlànà ìlò èlò wọ̀nyí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìtẹ̀léǹtẹ̀lé wọn ṣe pàtàkì. Àkọ́kọ́, kí wọ́n fa ohun tí ó kán sí aṣọ náà sókè pẹ̀lú ṣíbí tàbí aṣọ funfun gbígbẹ. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má ra á. Rírá ń fẹ àbàwọ́n lójú, ó sì ń ti í wọnú. Ìkejì, kí wọ́n mọ ọ̀wọ́ tí ó wà àti irú aṣọ tí ó jẹ́. Ìkẹta, kí wọ́n dán èlò wò ní ibi kọ́lọ́fín lára aṣọ, bí abẹ́ etí tàbí inú àpò, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìkẹrin, kí wọ́n ṣiṣẹ́ láti ẹ̀yìn aṣọ síwájú, àti láti etí àbàwọ́n sí àárín rẹ̀, kí ó má baà tàn. Ìkarùn-ún, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí èlò tí ó rọ̀ jù lọ: omi ná, lẹ́yìn náà ọṣẹ tàbí kíkan gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ ti rí, kí ó tó kan èlò tí ń fọ́ àwọ̀. Ìkẹfà, kí wọ́n má lọ aṣọ náà títí wọn yóò fi rí i ní gbígbẹ, ní ojúmọmọ, pé àbàwọ́n ti lọ.

Ibi tí agbára ilé bá mọ ni ó yẹ kí ilé dúró. Aṣọ òkè tí ó wúwo, tí wọ́n fi sílíkì àti òwú aláwọ̀ púpọ̀ hun pọ̀, ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ tí ó mọṣẹ́ ni ó yẹ kí ó lọ. Kí onílé sì sọ fún un ohun tí ó ta sí i àti ohun tí ilé ti fi kàn án. Àṣírí tí wọ́n bá fi pamọ́ fún alágbàfọ̀, aṣọ ni yóò tú u.

7.0 EWU ÀTI ÌPAMỌ́

Apá yìí ni ó wúwo jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju aṣọ lọ. Jíìkì àti ohun kíkan kò gbọdọ̀ pàdé. Bí ọsàn wẹ́wẹ́, ọtí kíkan, tàbí èlò ìfọ-ilé-ìgbẹ̀ tí ó ní ásíìdì bá kan jíìkì, kilorínì yóò tú jáde ní afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni wọ́n fi pa ọmọ ogun ní Ypres ní oṣù kẹrin ọdún 1915. Ìtọ̀ náà ń bá jíìkì mú afẹ́fẹ́ olóró mìíràn jáde. Fún ìdí èyí, kí wọ́n fi omi lásán ṣan aṣọ ìtẹ́dìí ọmọ dáadáa kí jíìkì tó kàn án, kí wọ́n má sì ṣe é nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì.

Pẹtiróòlù, tí àwọn kan fi ń yọ gírísì, kò yẹ kí ó wà nínú ilé rárá. Oruku rẹ̀ tí kò hàn sí ojú wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó ń fà wọ́ lọ títí yóò fi dé ibi tí sítóòfù wà. Kẹrosíìnì àti sípírítì náà ń jó. Kí wọ́n lò wọ́n ní ìta, kí aṣọ náà gbẹ pátápátá kí wọ́n tó fi áyọ́ọ̀nù kàn án.

Ewu kẹta ni ti ọmọdé. Àṣà kí wọ́n máa rọ kẹrosíìnì tàbí jíìkì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ sínú ewu, nítorí pé ohun tí ọmọ mọ ìgò náà mọ́ ni dídùn. Bí ọmọ bá sì mu kẹrosíìnì, àṣà kí wọ́n fún un ní epo pupa mu kí ó lè bì í jáde ń pa á lára sí i ni: nígbà tí ó bá ń bì, kẹrosíìnì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíá, pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́. Ní ti ìpamọ́, kí gbogbo èlò wà nínú ìgò tí wọ́n bá wọn wá, kí àkọlé wọn wà lára wọn, nínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ kan tí ó ga ju ọwọ́ ọmọdé lọ, tí ó sì jìnnà sí ibi tí oúnjẹ wà. Kí kíkan àti jíìkì má wà nínú àpótí kan náà.

8.0 ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Yorùbá ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Níwọ̀n ìgbà tí epo bá ṣì ń bẹ nínú ọbẹ̀, tí ọmọ ń ṣeré ní ilẹ̀ pupa, tí ìyá sì ń bímọ, àbàwọ́n kò ní tán lára aṣọ. Bébà yìí ti fi hàn pé ìpèsè ilé fún un kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ní àkọ́kọ́. Báàfù ike méjì, aṣọ funfun gígé, omi òjò, ọṣẹ dúdú, ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti okùn ní oòrùn tó fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Èlò inú ọjà mẹ́rin ń parí ìyókù, bí wọ́n bá wà ní ipò wọn.

Ó tún ti hàn pé ohun tí àwọn àgbà ń ṣe, bí sísá aṣọ elépo sí oòrùn ní tútù, ní ìdí tí ìmọ̀ òde òní fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ó sì hàn pé kì í ṣe gbogbo àṣà ni ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kán-ún lórí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo pupa fún ọmọ tí ó mu kẹrosíìnì kò ní ìdí kankan tí ó gbè wọ́n. Iṣẹ́ tí ó ṣẹ́ kù ni kí wọ́n kó ìmọ̀ àwọn aláró, àwọn ahunṣọ àti àwọn alágbàfọ̀ àgbà jọ láti Abẹ́òkúta, Ìsẹ́yìn àti Ọ̀ṣogbo, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì yà èyí tí ó dúró sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dúró. Aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun ń dín kù, àwọn tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ sì ń dín kù pẹ̀lú rẹ̀.